Oríta Ìtàn Nàìjíríà: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Àwọn Ọdún Tó Yí Ọ̀nà Wa Padà

Ọ̀pọ̀ wa ló mọ ọjọ́ òmìnira, a mọ June 12, a sì mọ ọdún tí ogun Biafra bẹ̀rẹ̀. Ohun tí a kì í sábà béèrè ni èwo nínú gbogbo rẹ̀ ló ṣì ń darí wa títí di òní. Àwọn ìbéèrè tí àwọn èèyàn máa ń bi mí lórí ọ̀rọ̀ yìí ni mo kó jọ síbí, mo sì dá wọn lóhùn bí mo ṣe rí i.

Kí ni ẹ ń pè ní oríta ìtàn?

Ibi tí orílẹ̀-èdè kan dé tó fi ọ̀nà kan sílẹ̀, tó gba òmíràn, tí àtipadà sẹ́yìn sì wá di iṣẹ́ ńlá. Kì í ṣe gbogbo ohun tó pariwo ló jẹ́ oríta. Ọ̀nà tí mo fi ń dán an wò rọrùn: ẹ yọ ìṣẹ̀lẹ̀ náà kúrò nínú ìtàn, kí ẹ wá wo ayé yín lónìí. Ta ló ń san owó oṣù olùkọ́? Ta ló láṣẹ lórí ilẹ̀ tí ẹ kọ́lé sí? Ta ló ń rán ọlọ́pàá níṣẹ́? Bí ìdáhùn sí ọ̀kan nínú wọn bá yí padà, oríta ni. Bí kò bá yí padà, ó lè jẹ́ ọjọ́ ayẹyẹ tàbí ọjọ́ ọ̀fọ̀, ọ̀nà kò yà níbẹ̀.

Ẹ óò rí i bí ẹ bá ṣe ń kà á lọ pé àyẹ̀wò yìí máa ń gbé mi lọ sídìí òfin ju ìdí ìbọn lọ. Ọ̀pọ̀ àwọn tó yìnbọn ti kú. Òfin tí wọ́n kọ kò kú.

Ṣé 1914 ni Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́?

1914 ni wọ́n so Àríwá àti Gúúsù pọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì ti yìnbọn lu Èkó ní oṣù Kejìlá 1851, wọ́n lé Kòsọ́kọ́, wọ́n sì dá Akíntóyè padà sórí oyè. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ 1861, Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé tó gbé Èkó lé ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Etí Odò Ọya bọ́ sọ́wọ́ àwọn oníṣòwò, ìyẹn Royal Niger Company, tó gba ìwé àṣẹ ní 1886. Ilé-iṣẹ́ yìí ní ọmọ ogun tirẹ̀, ó ń gba owó bodè, ó sì ń dá ẹjọ́. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 1900, £865,000 ni wọ́n san fún un. Orúkọ Nàìjíríà fúnra rẹ̀ ti jáde nínú ìwé ìròyìn The Times ní 1897, láti ọwọ́ Flora Shaw tó wá di ìyàwó Lugard lẹ́yìn náà. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni wọ́n ti sọ ọmọ lórúkọ kí wọ́n tó bí i.

Kí ló dé tí wọ́n fi da Àríwá àti Gúúsù pọ̀?

Owó ni. Àríwá kò lè bọ́ ara rẹ̀. Owó ìrànwọ́ láti ìlú Òyìnbó àti èyí tí Gúúsù ń fi ránṣẹ́ ló ń jẹ. Gúúsù ní èbúté, owó bodè ń wọlé níbẹ̀, pàápàá lórí ọtí tí wọ́n ń kó wọ ìlú. Ọ̀rọ̀ rélùwéè náà wà ńbẹ̀: ojú irin kan gbéra láti Èkó, òmíràn láti Báró lọ sí Kánò, abẹ́ ìjọba méjì tí kálukú ń ṣe tirẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn ni pé Lugard, gómìnà Gẹ̀ẹ́sì tó so wọ́n pọ̀, da àpò owó pọ̀, ó da rélùwéè pọ̀, kò da ìṣàkóso pọ̀. Àríwá ti ní òfin ilẹ̀ tirẹ̀ láti 1910, èyí tó fi ilẹ̀ sábẹ́ àṣẹ ìjọba. Ní Gúúsù, ilẹ̀ ṣì jẹ́ ti ẹbí àti ti ìlú. Àwọn ìjọ Kristẹni dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ káàkiri Gúúsù, ṣùgbọ́n ìjọba kò jẹ́ kí wọ́n ráyè bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ àwọn émíà. Títí di 1947, kò sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin kan tí ará Àríwá àti ará Gúúsù ti jókòó pọ̀. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni a fi jẹ́ orílẹ̀-èdè kan lórí ìwé tí a kò sì jọ sọ̀rọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ń wá ìdí tí ìfura fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láàárín wa, inú ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n yẹn ni èmi máa kọ́kọ́ wò, kì í ṣe inú ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni.

Ilẹ̀ Yorùbá ńkọ́? Kí ni oríta tiwa?

Bí wọ́n bá ní kí n mú ọ̀kan ṣoṣo, ogun Kírìjì ni. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, kò sì tán nílẹ̀ títí di 1893. Ìbàdàn ti fi ajẹ́lẹ̀ sí àwọn ìlú Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, ìwà àwọn ajẹ́lẹ̀ náà sì ti sú àwọn onílùú. Fábùnmi ọmọ Òkè-Ìmẹ̀sí ló kọ́kọ́ fi idà sọ ohun tí ọ̀pọ̀ ń kùn sínú. Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà, Ìgbómìnà àti Àkókó para pọ̀, Ògèdèǹgbé Ìjẹ̀ṣà di olórí ogun wọn, Ààrẹ Látóòsà sì ń darí Ìbàdàn. Ìró ìbọn tó ń dún lórí òkè ni wọ́n fi sọ ogun náà lórúkọ.

Bó ṣe parí ló ṣe pàtàkì jù. Kò sẹ́ni tó ṣẹ́gun. Ní oṣù Kẹsàn-án 1886 wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà, lẹ́yìn tí Samuel Johnson àti Charles Phillips ti ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ láàárín ibùdó méjèèjì gẹ́gẹ́ bí ìránṣẹ́. Síbẹ̀ ibùdó ogun kò tú. Nígbà tó di 1892, Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn Maxim ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọ̀n. Ọdún kejì ni Gómìnà Carter gbéra láti Èkó, tó ń ti ìlú dé ìlú pẹ̀lú ìwé àdéhùn lọ́wọ́. Ìlú tí ogun ti fà gbẹ fún ọdún mẹ́rìndínlógún kò ní agbára àtisọ pé rárá. Ìjẹ̀bú nìkan ni wọ́n ní láti bá jà kí Ìbàdàn, Ọ̀yọ́ àti Ẹ̀gbá tó bọ́ síbi àdéhùn.

Ìlọrin ṣubú lọ́nà mìíràn. Royal Niger Company ló fi ogun mú un ní 1897, pọ̀ mọ́ Bídà, nítorí náà nígbà tí wọ́n ń pín ilẹ̀, Àríwá ló bọ́ sí. Ìdí nìyẹn tí ará Ọ̀fà, Ìgbómìnà àti Òkun fi wà nínú ẹkùn Àríwá títí di 1967, tí wọn kò sì sí lára ìpínlẹ̀ mẹ́fà tí à ń pè ní Gúúsù Ìwọ̀ Oòrùn lónìí. Ààlà tí ilé-iṣẹ́ oníṣòwò fi ìbọn fà, òun la ṣì ń lò láti mọ ẹni tó lè du ipò wo.

Ta ló pín wa sí Àríwá, Ìlà Oòrùn àti Ìwọ̀ Oòrùn?

Gúúsù ni wọ́n kọ́kọ́ là sí méjì ní 1939. Òfin Richards ti 1946 wá sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ẹkùn tó ní ilé ìgbìmọ̀ tirẹ̀, òfin Lyttelton ti 1954 sì sọ orílẹ̀-èdè di ìjọba àpapọ̀ tòótọ́, níbi tí ẹkùn ti ní agbára àti owó. Ẹgbẹ́ òṣèlú náà bá pín bẹ́ẹ̀: NPC ní Àríwá, ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ (Action Group, ti Awolowo) ní Ìwọ̀ Oòrùn, NCNC tó gbilẹ̀ jù ní Ìlà Oòrùn. Àwọn ẹ̀yà kéékèèké pariwo pé kí wọ́n yọ àwọn sọ́tọ̀. Ìgbìmọ̀ Willink gbọ́ ẹjọ́ wọn ní 1957 sí 1958, ó gbà pé ẹ̀rù wọn kì í ṣe lásán, síbẹ̀ kò ní kí wọ́n dá ẹkùn tuntun sílẹ̀. Gbèsè yẹn ni a bẹ̀rẹ̀ sí í san ní 1963, nígbà tí wọ́n yọ Àárín-Ìwọ̀ Oòrùn sọ́tọ̀ di ẹkùn kẹrin, a sì san púpọ̀ sí i ní 1967.

Ṣé obìnrin kò sí nínú ìtàn yìí ni?

Wọ́n wà ńbẹ̀, wọ́n kàn kì í sí nínú àwọn déètì tí a ń kọ́ sórí. Ní 1929, àwọn obìnrin Ìlà Oòrùn dìde sí owó orí àti sí àwọn olóyè tí ìjọba fi ìwé àṣẹ yàn. Ìbọn ìjọba pa wọ́n, ṣùgbọ́n ètò olóyè oníwèé-àṣẹ yẹn kò gbádùn mọ́. Ní Abẹ́òkúta, Funmilayo Ransome-Kuti àti ẹgbẹ́ obìnrin rẹ̀ bá ìjọba Aláké fà á lórí owó orí obìnrin títí Aláké Ladapo Ademola fi kúrò lórí ìtẹ́ ní 1949. Ọdún 1950 ló tó padà. Ẹ sì ronú sí èyí: nínú ìdìbò 1959 tó gbé ìjọba òmìnira wọlé, obìnrin Gúúsù dìbò, obìnrin Àríwá kò láṣẹ àtidìbò.

Kí ló dé tí ẹ ka ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ 1955 mọ́ oríta? Ṣebí ètò ẹkùn kan ni?

Mo kà á mọ́ ọn nítorí pé òun ló borí gbogbo wọn nínú àyẹ̀wò tí mo sọ lókè. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní 1955, ilẹ̀kùn ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ṣí sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ní gbogbo ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn. Awolowo ni olórí ìjọba, S. O. Awokoya ni mínísítà ètò ẹ̀kọ́ tó ti gbé àbá náà kalẹ̀ láti 1952. Ọmọ tó wà nílé-ẹ̀kọ́ lọ́dún yẹn lé ní 800,000. Wọn kò rí olùkọ́ tó, nítorí náà wọ́n yára dá àwọn tíṣà lẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n kọ́ kíláàsì alámọ̀. Wọ́n dá mọ́dà skúùlù sílẹ̀ fún àwọn tó jáde tí wọn kò rí girama wọ̀.

Owó rẹ̀ ti ibi kòkó àti owó orí wá. Owó orí yẹn bí àwọn èèyàn nínú gan-an, àwọn alátakò sì ń rìn kiri pé ìjọba fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ àwọn tó ń bá bàbá wọn ro oko. Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ pàdánù ìdìbò ìjọba àpapọ̀ ti 1954 sọ́wọ́ NCNC nínú ẹkùn tí òun fúnra rẹ̀ ń ṣàkóso. Ètò tí à ń yìn lónìí bí ẹni pé gbogbo ayé pàtẹ́wọ́ fún un nígbà náà gba ìbò lọ́wọ́ àwọn tó gbé e kalẹ̀. Mo máa ń rántí èyí nígbà tí mo bá gbọ́ tí olóṣèlú kan ń ní ìlú kò tíì ṣe tán fún àtúnṣe.

Àwọn ọmọ 1955 ló di tíṣà, nọ́ọ̀sì, akọ̀wé àti agbẹjọ́rò ní ọdún 1970 sí 1980. Wọ́n fẹ́ra wọn, wọ́n bí àwọn ọmọ tí kò mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kéèyàn má lọ sílé-ẹ̀kọ́. Ìlà Oòrùn gbìyànjú irú ètò náà ní 1957, owó kò gbé e, wọ́n sì dá owó ilé-ẹ̀kọ́ padà fún àwọn kíláàsì kan. Ìjọba àpapọ̀ kò gbé tirẹ̀ dìde fún gbogbo orílẹ̀-èdè títí di 1976. Ọdún mọ́kànlélógún ni Ìwọ̀ Oòrùn fi ṣáájú.

Ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá 1960 ńkọ́?

Ọjọ́ ńlá ni, àmọ́ èrò mi kò bá ti ọ̀pọ̀ èèyàn mu níbí. Òmìnira yí àsíá padà. Ọ̀nà tí ìjọba ń gbà ṣiṣẹ́ ti ya láti 1954. Àwọn olórí ìjọba ẹkùn ti wà lórí àga kí àsíá Gẹ̀ẹ́sì tó wálẹ̀, Balewa sì ti di olórí ìjọba àpapọ̀ láti 1957.

Ṣé Wẹ́tíè ló fa ìfipágbàjọba?

Ó ṣílẹ̀kùn fún un. Awolowo àti Akintola, tó gba ipò olórí ìjọba ẹkùn lẹ́yìn rẹ̀, yapa, ìjà bẹ́ sílẹ̀ nínú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin n'Ìbàdàn ní ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún 1962, ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà ni ìjọba àpapọ̀ kéde pàjáwìrì tó sì gba ìṣàkóso ẹkùn náà fún oṣù mẹ́fà. Èmi ka ìkéde yẹn sí oríta kékeré kan tí a kì í dárúkọ: ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí àárín gbùngbùn fọwọ́ ara rẹ̀ gbé ìjọba tí ìlú yàn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹni tó rántí Plateau ní 2004 àti Rivers ní 2025 mọ̀ pé ọ̀nà yẹn kò hu koríko. Ìdìbò oṣù Kẹwàá 1965 ló wá dáná sun ohun tó kù. Wọ́n ń da epo bẹntiróòlù sí ilé àti ara ẹni tí wọ́n bá pè ní Dẹ́mọ, ìyẹn ẹgbẹ́ Akintola, wọ́n sì ń ṣáná sí i; òun ni wọ́n ń pè ní Wẹ́tíè. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni àwọn ológun dé.

Nínú ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1966, èwo ni oríta gan-an?

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ilẹ̀ mì lọ́dún yẹn. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní, àwọn ọ̀gágun kéékèèké pa Balewa, Ahmadu Bello, Akintola, Okotie-Eboh àti àwọn ọ̀gá ológun kan. Ní ọjọ́ 29 oṣù Keje, wọ́n mú Ironsi, tó ti di olórí ìjọba ológun, àti Fajuyi tó gbà á lálejò n'Ìbàdàn, wọ́n sì pa àwọn méjèèjì. Ohun tí àwọn èèyàn ń rántí nìyẹn, ó sì yẹ kí wọ́n rántí rẹ̀.

Láàárín méjèèjì ni èmi ń wò. Ní ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún, Ironsi gbé òfin ológun nọ́ńbà 34 jáde. Ó ní kò sí ẹkùn mọ́, ìjọba kan ṣoṣo ló wà, iṣẹ́ ìjọba gbogbo ẹkùn sì di ọ̀kan. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ìlú ńláńlá Àríwá gbiná, wọ́n ń pa àwọn Ígbò. Gowon gbàjọba lẹ́yìn ikú Ironsi, ó fagi lé òfin náà kí ọdún tó parí, ó sì dá orúkọ àwọn ẹkùn padà.

Orúkọ ló dá padà o. Ìjọba ológun kì í ṣe èyí tí ẹkùn ti ní agbára tirẹ̀. Ọ̀gá kan ló ń pàṣẹ, gbogbo gómìnà ni ọmọọṣẹ́ rẹ̀. Fún ọdún mẹ́tàlá tó tẹ̀ lé e, àṣẹ ń lọ sókè, owó ń lọ sókè. Wọ́n tú ọlọ́pàá ìbílẹ̀, àwọn akódà tí àwọn bàbá wa mọ̀, ká. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí ẹkùn dá sílẹ̀, bíi ti Ifẹ̀, bọ́ sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ ní 1975. Ohun tí wọ́n torí rẹ̀ pa Ironsi, àwọn tó pa á ló wá ṣe é ní àṣeyọrí. Mi ò mọ ìyípadà mìíràn nínú ìtàn wa tó ní irú ẹ̀gàn bẹ́ẹ̀ nínú.

Kí ni ogun abẹ́lé fi sílẹ̀ yàtọ̀ sí ọ̀fọ̀?

Ọ̀fọ̀ náà kò kéré, kò sì yẹ kí n fi ìlà kan kọjá rẹ̀: láti oṣù Keje 1967 sí ọjọ́ 15 oṣù Kìíní 1970, àwọn tí ebi pa nínú Biafra pọ̀ ju àwọn tí ọta pa lọ, ọmọdé ló sì pọ̀ jù nínú wọn.

Ní ti ètò, ọjọ́ mẹ́ta kí Ojukwu tó kéde Biafra ni Gowon pín ẹkùn mẹ́rin sí ìpínlẹ̀ 12. Ète ogun ni: ó yọ àwọn ẹ̀yà kéékèèké Ìlà Oòrùn, tí epo wà nílẹ̀ wọn, kúrò lábẹ́ Enugu. Láti ìgbà náà, ìpínlẹ̀ di 19 ní 1976, 21 ní 1987, 30 ní 1991, 36 ní 1996, ológun ló sì dá gbogbo wọn sílẹ̀. Ìjọba alágbádá kò tíì dá ẹyọ kan.

Ọmọ ogun tó tó bíi 10,000 kí ogun tó bẹ̀rẹ̀ lé ní 200,000 nígbà tó parí, irú ọmọ ogun bẹ́ẹ̀ kì í sì í tètè padà sí bárékè. NYSC jáde ní 1973 láti fi tún àjọṣe àwọn ọ̀dọ́ ṣe. Àwọn Ígbò tó ní owó ní báńkì, iye tó wù kó jẹ́, £20 ni wọ́n fún ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ọdún méjì péré lẹ́yìn ogun ni òfin jáde pé kí àwọn ọmọ Nàìjíríà ra ìpín nínú ilé-iṣẹ́ Òyìnbó. Ẹni tó ní £20, kí ló fẹ́ rà?

Ìgbà wo ni epo rọ̀bì yí wa padà?

Kì í ṣe 1956 tí wọ́n rí i ní Oloibiri, kì í sì í ṣe 1958 tí wọ́n kọ́kọ́ kó o lọ tà. Nígbà òmìnira, òfin ní ìdajì owó ohun àlùmọ́nì ni kó padà sí ẹkùn tó ti jáde. Kòkó ló kọ́ Kòkó Háòsì n'Ìbàdàn, wọn kò fi sẹ́ńtì epo kan sí i. Ìyípadà dé nígbà tí ìjọba ológun bẹ̀rẹ̀ sí í dín ìpín ibi tí epo ti ń jáde kù láti 1970, tó sì gba gbogbo owó epo inú òkun, tí iye owó epo lágbàáyé sì fò sókè ní 1973. Owó Údójì, ìyẹn àfikún owó oṣù tí ìjọba san fún àwọn òṣìṣẹ́, tẹ̀ lé e, àwọn òṣìṣẹ́ ra rédíò àti alùpùpù. Oko sì ń di ti àwọn arúgbó.

Òfin 1999 dá ìpín orírun náà padà dé ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún, ó kéré tán. Ìyókù ń lọ sí Àbújá, ibẹ̀ ni àwọn kọmíṣọ́nnà ètò ìnáwó ti ń pàdé lóṣooṣù láti gba ìpín tiwọn. Ìjọba ẹkùn Ìlà Oòrùn tàbí ti Ìwọ̀ Oòrùn ní 1958 ń ronú ohun tí òun lè gbìn. Ìjọba ìpínlẹ̀ òde òní ń ka ọjọ́ tí ìpín máa dé.

Kí ló kan òfin ilẹ̀ 1978? Èmi ò tiẹ̀ gbọ́ ọ rí.

Ọ̀pọ̀ kò gbọ́, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó ti ra pulọ́ọ̀tì ti bá a pàdé. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta 1978, Obasanjo, tó jẹ́ olórí ìjọba ológun nígbà náà, fọwọ́ sí òfin tó gbé gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sọ́wọ́ gómìnà, kó máa tọ́jú rẹ̀ fún ará ìlú. Ẹ rántí òfin ilẹ̀ Àríwá ti 1910 tí mo mẹ́nu bà? Òun ni wọ́n tún ṣe ní 1962, òun náà ló wá di òfin gbogbo Nàìjíríà ní 1978.

Láti ọjọ́ náà, ẹbí tí bàbá ńlá wọn dá igbó sílẹ̀ kò tún ni ilẹ̀ bí wọ́n ṣe ni ín tẹ́lẹ̀ lójú òfin. Ẹ̀tọ́ àtilò ó ni wọ́n ní. Bí ìjọba bá gba ilẹ̀ yín fún títì, owó irè oko àti ilé tó wà lórí rẹ̀ ni òfin ní kó san, kì í ṣe owó ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ fẹ́ tà á, ẹ fẹ́ fi yá owó ní báńkì, ẹ ní láti gba àṣẹ gómìnà. Ìyẹn ló fà á tí C of O, ìwé ẹ̀rí ìjọba lórí ilẹ̀, fi di ohun tí èèyàn ń sáré kiri fún ọdún gbọọrọ.

Òfin ní tibí, àṣà ní tọ̀hún. Àwọn ọmọ onílẹ̀ kò kúrò níbì kan. Ẹni tó ra ilẹ̀ sanwó fún ẹbí, ó sanwó ìpìlẹ̀, ó sanwó dẹ́kìn, ó tún wá lọ sanwó fún ìjọba. Ẹ̀ẹ̀mejì ni à ń ra ilẹ̀ kan láti 1978. Ẹ má rò pé ó rọrùn láti fagi lé e: wọ́n fi òfin náà há sínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè, ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin àpapọ̀ àti ilé ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ 24 ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí wọ́n tó lè yí i padà.

June 12 1993 ńkọ́? Wọ́n fagi lé e, kí ló wá yí padà?

Abiola borí Tofa ní Kánò, ìlú Tofa fúnra rẹ̀. Ìyẹn nìkan tó láti fi hàn pé ará Àríwá lè dìbò fún Yorùbá. Ìfagilé ọjọ́ 23 oṣù Kẹfà ló sọ ìbò náà di oríta. Abacha gbàjọba ní oṣù Kọkànlá, NADECO, àjọ tó ń jà fún ìjọba tiwa-n-tiwa, àti OPC, ẹgbẹ́ ọmọ Oòduà, jáde ní 1994, Abiola sì kú sí àhámọ́ ní ọjọ́ 7 oṣù Keje 1998, oṣù kan lẹ́yìn tí Abacha kú. Nígbà tí ìdìbò 1999 dé, Yorùbá ni àwọn méjèèjì tó du ipò ààrẹ, Obasanjo àti Falae. Kò sí òfin tó ní kó rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ yíyí ipò ká láàárín Àríwá àti Gúúsù ti wọ inú òṣèlú wa, kò sì tíì jáde. Ọdún 2018 ni ìjọba sọ June 12 di ọjọ́ ìjọba tiwa-n-tiwa.

Ṣé lóòótọ́ ni pé ìwé òfin tí a ń lò, ológun ló kọ ọ́?

Lóòótọ́ ni. A dìbò yan ààrẹ ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì 1999, Abdulsalami, olórí ìjọba ológun, fọwọ́ sí òfin ológun nọ́ńbà 24 tó gbé ìwé òfin jáde ní ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún. Àwọn tí a yàn kò tíì rí òfin tí wọ́n fẹ́ fi ṣèjọba nígbà tí wọ́n ń polongo. Gbólóhùn tó ṣí i ní àwa ará Nàìjíríà la pinnu rẹ̀. Ẹ̀rín ni àwọn agbẹjọ́rò kan máa ń fi dáhùn.

Ọlọ́pàá kan ṣoṣo ló mọ̀. Ó ka orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ 774 sínú ara rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, débi pé nígbà tí Èkó dá káńsù 37 mìíràn sílẹ̀, ìjọba àpapọ̀ dá owó káńsù ìpínlẹ̀ náà dúró ní 2004, orúkọ LCDA (káńsù ìdàgbàsókè) ni àwọn 37 náà ń jẹ́ títí dòní. Àmọ̀tẹ́kùn tí àwọn gómìnà ilẹ̀ Yorùbá gbé dìde ní 2020 náà ń rìn ní ẹ̀bá ìlà kan náà.

Ṣé ohun tó ti yà lè padà?

Díẹ̀díẹ̀ ni. Ní oṣù Kẹta 2023, àtúnṣe ìwé òfin gbà kí ìpínlẹ̀ ṣe rélùwéè, kó sì pèsè iná mànàmáná kó pín in, kódà níbi tí wáyà ìjọba àpapọ̀ dé. Ìyẹn kò pariwo tó bí ó ṣe yẹ. Èmi rò pé nígbà tó bá pé ogún ọdún, a óò kà á mọ́ àwọn oríta. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024, ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ní kí owó káńsù máa lọ tààrà sọ́wọ́ káńsù. Orin orílẹ̀-èdè tí a pa tì ní 1978 náà padà ní 2024, àwọn àgbà sì ń kọ ọ́ láìwòwé nígbà tí àwọn ọmọ wọn ń wò wọ́n lẹ́nu.

Mo fẹ́ bi àwọn àgbà ilé wa léèrè. Kí ni kí n bi wọ́n?

Ẹ má bi wọ́n pé kí ni wọ́n rò nípa 1966. Ohun tí wọ́n gbọ́ lórí rédíò ni wọ́n máa sọ. Ẹ béèrè ẹni tó san owó ilé-ẹ̀kọ́ wọn, tàbí bóyá wọn kò san rárá. Ẹ béèrè orúkọ akódà àdúgbò àti bí aṣọ rẹ̀ ṣe rí. Kí ni wọ́n fi owó Údójì rà? Ta ló kọ ìwé ilẹ̀ tí ilé yín wà lórí rẹ̀, ọdún wo ló sì wà lára rẹ̀, ṣáájú 1978 ni àbí lẹ́yìn rẹ̀? Bí ìwé náà bá wà nínú àpótí, ẹ ní kí wọ́n mú un jáde.